Ẹnu kan, ẹ̀dà púpọ̀: bí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ṣe gbé ìpadàbọ̀ Lewis àti Clark jáde ní 1806

Ẹni tó bá ṣí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó jáde ní ìparí ọdún 1806 wò, láti mọ ohun tí aráàlú gbọ́ nígbà tí Meriwether Lewis àti William Clark ti etí Òkun Pàsífíìkì padà dé, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Yóò rí ìwé ìròyìn láti Kentucky, láti Maryland, láti Washington, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú gbólóhùn kan náà gẹ́lẹ́. Yóò rí ọjọ́ tí kò bá ọjọ́ mu. Kò ní rí orúkọ akọ̀ròyìn kankan. Yóò wá orúkọ àwọn kan tí gbogbo ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà mọ̀ lónìí, àwọn tó wà nínú ìrìn-àjò náà lójú òjò àti lójú yìnyín, kò sì ní rí wọn níbẹ̀.

Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ yìí ni pé a máa ń ka ìwé ìròyìn ìgbà náà bí ẹni tó ń ka ti òde òní. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń pe méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dénú wọn yàtọ̀ síra gidigidi. Tí a bá mọ ọ̀nà yẹn, gbogbo rẹ̀ á yé wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ìrìn-àjò náà ní ṣókí. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1803, Ààrẹ Thomas Jefferson fi ìwé àṣírí ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Ó bèèrè dọ́là 2,500 láti fi rán ìwọ̀nba ọmọ ogun lọ tọ Odò Missouri dé orísun rẹ̀, kí wọ́n sì wá ọ̀nà dé òkun ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì Odò Mississippi kò tíì di ti Amẹ́ríkà nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi di àṣírí. Kí ọdún náà tó parí, Amẹ́ríkà ti ra ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Louisiana, lọ́wọ́ Faransé. Ikọ̀ náà, tí Lewis àti Clark jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gbéra ní ọjọ́ 14 Oṣù Karùn-ún 1804, wọ́n sì lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Mandan àti Hidatsa, ní ibi tí à ń pè ní North Dakota lónìí. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin 1805, wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi wọn tó tóbi jù padà sẹ́yìn pẹ̀lú lẹ́tà, awọ ẹranko àti ẹranko ààyè fún Ààrẹ. Àwọn yòókù kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ó lé ní oṣù mẹ́tàdínlógún. Àhesọ ló gba ìgboro: àwọn kan ní àwọn ọmọ onílẹ̀ ti pa wọ́n, àwọn kan ní ọwọ́ àwọn ará Spéènì ti tẹ̀ wọ́n. Àhesọ kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò ní gbòǹgbò, nítorí Spéènì rán ọmọ ogun jáde láti Santa Fe lẹ́ẹ̀mẹrin láti dá wọn dúró, wọn kò kàn rí wọn mú ni. Nígbà tí ikọ̀ náà ń bọ̀ lójú odò ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹsàn-án 1806, wọ́n pàdé oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John McClallen. Ó fún wọn ní bísíkíìtì, ṣokoléètì, ṣúgà àti ọtí, ó sì fún wọn ní ìròyìn ara wọn. Clark kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn aráàlú ti sọ ìrètí nù lórí àwọn, pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àwọn, àfi Ààrẹ tó ṣì ń retí àwọn.

Nítorí náà, ìròyìn tó fẹ́ jáde yìí, ìròyìn òkú tó jí ni.

Ìlú tí kò ní ìwé ìròyìn

Ọ̀sán ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án ni ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí St. Louis. Wọ́n yìnbọn kí ìlú, àwọn ará ìlú tú jáde sí etí odò, wọ́n sì hó ìhó ayọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lónìí a ó máa retí pé akọ̀ròyìn á ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, tí ìwé ìròyìn ìlú á sì gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. Kò sí èyí tó ṣeé ṣe níbẹ̀, torí pé St. Louis kò ní ìwé ìròyìn kankan. Ọdún 1808 ni Joseph Charless tó dá Missouri Gazette sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn ìpadàbọ̀ wọn ní ọdún méjì ó dín díẹ̀. Ìlú tí ìròyìn ọdún náà ti ṣẹlẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Àpò ìfìwéránṣẹ́ tí ẹlẹ́ṣin ń gbé ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kúrò ní ìlú náà lọ sí ìlà-oòrùn, àpò ọjọ́ náà sì ti lọ kí wọ́n tó dé. Lewis sáré kọ ìwé pélébé sí Ọ̀gbẹ́ni Hay, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Cahokia ní òdìkejì odò, ó ní kó bá òun dá àpò náà dúró títí di agogo méjìlá ọ̀sán ọ̀la. Clark kọ pé oorun díẹ̀ ni òun rí sùn lóru náà, pé àwọn tètè jí, àwọn sì jókòó ti lẹ́tà kíkọ. George Drouillard, tó jẹ́ ọlọ́dẹ àti ògbufọ̀ fún ikọ̀ náà, ló gbé àwọn lẹ́tà náà sọdá.

Ẹ fi ọkàn bá mi dúró síbí díẹ̀, nítorí inú àpò yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà méjì ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí Lewis kọ sí Ààrẹ. Èkejì ni èyí tí Clark kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Kentucky, èyí tí àwọn onímọ̀ ìtàn gbà fún ìgbà pípẹ́ pé George Rogers Clark, akọni ogun òmìnira, ló ni, kí wọ́n tó wá rí i pé ó jọ pé Jonathan Clark ló ni ín. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ lẹ́tà kejì yìí wà ní ìkọ̀wé ọwọ́ Lewis. Lewis ló gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Clark dà á kọ ní ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Kí ló fà á? Lewis mọ ìwé kọ ju Clark lọ. Àkọtọ́ Clark burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan náà lè ní àkọtọ́ mẹ́ta lójú ewé kan. Bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì mọ̀ dájú pé wọn yóò tẹ lẹ́tà náà jáde. Ìdílé Clark gbajúmọ̀ ní Kentucky, Kentucky sì ni àpò ìfìwéránṣẹ́ yóò gbà kọjá kó tó dé ìlà-oòrùn. Lẹ́tà tó bá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Clark ni yóò kọ́kọ́ kan ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Mi ò rò pé ó tọ́ kí a pe èyí ní ẹ̀tàn. Ètò ni, wọ́n sì fi ọgbọ́n ṣe é. Àmọ́ ó yẹ kí olùkàwé mọ̀ pé àwọn tí ìròyìn dá lé lórí gan-an ló kọ ìròyìn náà, wọ́n sì ti pinnu ohun tí aráyé yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Lẹ́tà náà ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹwàá 1806, Palladium, ìwé ìròyìn kan ní Frankfort ní Kentucky, tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ 24 oṣù yẹn ni lẹ́tà Lewis tó tẹ Jefferson lọ́wọ́ ní Washington. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ kan ní Kentucky ti lè ka gbogbo ọ̀nà tí ikọ̀ náà tọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú kí Ààrẹ, ẹni tó rán wọn níṣẹ́, tó gba lẹ́tà tirẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé àṣírí ló tú. Kò sí àṣírí tó tú níbẹ̀. Bí ọ̀nà ẹṣin ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀, Jefferson dá èsì padà pé ayọ̀ tí ẹnu òun kò lè sọ ni òun fi gbà á.

Ìwé ìròyìn tí kò ní akọ̀ròyìn

Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ìgbà náà, ojú ewé mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àwọn kan ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló sábà máa ń jẹ́ olóòtú rẹ̀, òun náà ló ń gba ìpolówó ọjà, òun ló ń lé àwọn onígbèsè kiri. Kò ní akọ̀ròyìn kankan lábẹ́ rẹ̀ tó lè rán jáde. Níbo ló ti ń rí ọ̀rọ̀? Inú ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àti inú lẹ́tà tí àwọn ènìyàn bá fi hàn án.

Òfin ìfìwéránṣẹ́ ọdún 1792 ló mú èyí rọrùn. Òfin náà gba gbogbo olóòtú láàyè láti fi ẹ̀dà ìwé ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí ara wọn láì san kọ́bọ̀. Bí olóòtú ní Baltimore bá gba ti Frankfort, á wo ohun tó wù ú níbẹ̀, á tún un tò sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, á sì gbé e jáde. Ẹnikẹ́ni kò ka ìyẹn sí olè jíjà. Lójú wọn, iṣẹ́ olóòtú gan-an nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ti inú grúùpù WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn lónìí, tí a ó gbọ́ ọ lẹ́nu ogún ènìyàn láàárọ̀ kan láì jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn wà níbi tó ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tó sọ ohun kan náà ní 1806 kò fi lè dúró fún ẹlẹ́rìí púpọ̀. Tí a bá fẹ́ mọ iye ẹnu tó sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, orísun ni ká máa wá, ká má ka ẹ̀dà. Àmì rẹ̀ kò sì ṣòroó rí. Lókè ìròyìn, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé àyọkà ni láti inú lẹ́tà tí ọkùnrin ọlọ́lá kan ní St. Louis kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n á tún kọ ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà náà. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ dì mú, ẹ má wo ọjọ́ orí ìwé ìròyìn, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà láàrin wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbólóhùn tó ṣàrà ọ̀tọ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá ó tún wà nínú òmíràn.

Bí a bá ṣe báyìí, òkìtì ìwé ìròyìn ìparí 1806 á dín kù di orísun mélòó kan péré. Lẹ́tà Clark ni ó ga jù nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tí àwọn ará St. Louis fọwọ́ ara wọn kọ. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ràn púpọ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ sọ pé kò tíì ju wákàtí kan lọ tí àwọn arìnrìn-àjò náà dé. Ó ní aṣọ awọ ẹranko ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀, ara wọn le, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kú nínú wọn. Òótọ́ ni: Sájẹ́ǹtì Charles Floyd ni, ó kú ní Oṣù Kẹjọ 1804. Ó tún ní òun kò tíì gbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ ọ̀rọ̀. Èyí ni ẹ̀rí tó sún mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ jù lọ tí ìwé ìròyìn gbé jáde, ẹlẹ́rìí tó dúró sí etí odò fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, lẹ́tà yẹn sọ pé ọjọ́ 27 Oṣù Kẹta ni ikọ̀ náà kúrò ní etí òkun. Ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ọmọ ikọ̀ náà ń kọ lójoojúmọ́ fi hàn pé ọjọ́ 23 ni wọ́n kúrò ní Fort Clatsop, ibi tí wọ́n ti lo ìgbà òtútù. Kódà bí ìwé ìròyìn mẹ́wàá bá tẹ ọjọ́ 27, ọjọ́ 23 ló tọ̀nà, nítorí ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ó sì kọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Orísun mìíràn ni ìròyìn àsè tí àwọn gbajúmọ̀ St. Louis ṣe fún wọn ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹsàn-án ní ilé ìtura Christy. Wọ́n gbé ife sókè lẹ́ẹ̀méjìdínlógún láti súre fún orílẹ̀-èdè, fún Ààrẹ, fún àwọn tó padà dé. Ìwé ìròyìn Frankfort mìíràn, Western World, ló gbé ọ̀rọ̀ àsè náà jáde ní Oṣù Kẹwàá. Àwọn onímọ̀ ìtàn mọ̀ pé wọ́n ṣe àsè, torí Clark mẹ́nu bà á, àmọ́ nǹkan bí ọdún 1987 ni wọ́n tó rí i pé àkúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà lórí ìwé láti ìgbà náà wá. Ó dùn mọ́ mi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ìwé ìròyìn kékeré kan ní ìlú kékeré kan pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ọgọ́sàn-án ọdún.

Ohun tí lẹ́tà náà sọ, àti ohun tó bò mọ́lẹ̀

Lẹ́tà Clark kún fún nọ́ńbà. Láti ẹnu Odò Missouri dé ibi ìtàkìtì omi rẹ̀, máìlì 2,575. Láti ibẹ̀, máìlì 340 lórí ilẹ̀: 200 nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tó dára, 140 la orí òkè kọjá, yìnyín sì bo 60 nínú wọn tí kì í yọ́. Lẹ́yìn náà ni odò tún gbà wọ́n títí dé òkun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ máìlì 3,555.

Àwọn olóòtú tẹ nọ́ńbà wọ̀nyí tayọ̀tayọ̀. Ìròyìn burúkú ló sì wà láàrin wọn, tí kò hàn sí ọ̀pọ̀. Ohun tí Jefferson ń fẹ́ jù lọ ni ọ̀nà omi tí yóò gba àárín ilẹ̀ náà kọjá, tí ọkọ̀ ọjà lè gbà dé Pàsífíìkì pẹ̀lú ìwọ̀nba ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n á gbé ẹrù rìn. Máìlì 340, pẹ̀lú òkè àti yìnyín, ti fi hàn pé kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Lewis ṣe gbé e kalẹ̀ nínú lẹ́tà tirẹ̀ sí Ààrẹ ni pé àwọn ti rí ọ̀nà tó rọrùn jù lọ nínú àwọn tó wà. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe irọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni lóòótọ́, kò kàn rọrùn ni. Kíá ló yí ọ̀rọ̀ sí òwò awọ ẹranko onírun, bí Amẹ́ríkà ṣe lè máa kó o lọ tà ní Canton ní ilẹ̀ Ṣáínà, àti bí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì láti Kánádà ṣe lè gba ọjà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí olóòtú kankan tó lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó tọ ọ̀nà náà rí tí wọ́n lè bi.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oyè rí. Gbogbo ìwé ìròyìn ló pe àwọn ọ̀gá méjèèjì ní Kápítéènì. Lewis jẹ́ Kápítéènì, àmọ́ Lẹ́fútẹ́náǹtì ni ìjọba fi Clark jẹ. Lewis ti ṣèlérí fún un pé oyè wọn yóò dọ́gba, nígbà tí iléeṣẹ́ ogun kò sì gbà, àwọn méjèèjì pa á mọ́ra, àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rí «Kápítéènì Clark» nínú ìwé ìròyìn 1806 ń ka ohun tí ọ̀rẹ́ méjì jọ fi ìmùlẹ̀ ṣe.

Òṣèlú náà kò gbẹ́yìn. Ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tó ń tì lẹ́yìn, àwọn ti ẹgbẹ́ Federalist kò sì fẹ́ràn Jefferson rárá. Ní 1803, Ààrẹ ti fi ìwé kan ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin nípa ilẹ̀ Louisiana, níbi tí wọ́n ti sọ pé òkè iyọ̀ kan wà níbẹ̀ tó gùn ní máìlì 180, tó sì fẹ̀ ní 45. Àwọn ìwé ìròyìn Federalist fi ṣẹ̀fẹ̀ títí. Nígbà tí ikọ̀ náà padà láì rí òkè iyọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣe àsè ńlá ní Washington ní Oṣù Kìíní 1807, tí akéwì Joel Barlow gbé ewì jáde láti gbóríyìn fún Lewis, John Quincy Adams, ẹni tó padà wá di Ààrẹ, kọ ewì mìíràn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi kún un pé lásìkò kan náà ni ọ̀rọ̀ Aaron Burr, igbákejì Ààrẹ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fura sí pé ó fẹ́ ya ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn sọ́tọ̀, gba gbogbo ojú ewé. Western World tó ròyìn àsè St. Louis gan-an, ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ irú èyí ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ láti máa tú fó. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò náà kò gba àyè tó bó ṣe yẹ, ohun tó gba àyè náà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Àwọn tí ìwé ìròyìn kò rí

Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ ẹnì kan ni gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́.

Ìwé ìròyìn pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn Mandan ló ta àgbàdo fún ikọ̀ náà lásìkò òtútù. Àwọn Shoshone ló ta ẹṣin tí wọ́n gùn dé orí òkè fún wọn. Àwọn Nez Perce ló fún wọn lóúnjẹ nígbà tí ebi fẹ́ pa wọ́n kú ní 1805, àwọn náà ló sì bá wọn tọ́jú ẹṣin wọn títí wọ́n fi padà wá ní 1806. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà St. Louis sọ ohun kan tó yẹ kó mú olùkàwé ronú: ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ikọ̀ náà ní àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà létí Odò Columbia pọ̀ tó àwọn òyìnbó ní ibikíbi ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ gbólóhùn yìí láti ìlú dé ìlú, kò sì sí ìwé ìròyìn tó bèèrè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ náà ohun tí wọ́n rò nípa àlejò tó wá wọn wá.

Ọmọ onílẹ̀ tí ìwé ìròyìn fojú sí ni Sheheke, olóyè Mandan, ẹni tí òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bá ikọ̀ náà wá kí Jefferson. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ bí ẹni ń kọ nípa nǹkan ìyanu. Bó ṣe padà sílé kò rọrùn: wọ́n gbìyànjú láti mú un lọ ní 1807, ogun dé wọn lọ́nà, ọdún 1809 ló tó padà débi tí ó ti wá.

Sacagawea, obìnrin Shoshone tó bá ikọ̀ náà rìn, kò sí nínú ìròyìn St. Louis, ìdí rẹ̀ kan sì rọrùn: òun, ọkọ rẹ̀ Charbonneau, àti ọmọ wọn ti dúró lọ́dọ̀ àwọn Mandan ní Oṣù Kẹjọ 1806, wọn kò dé ìlú náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Lewis lè dárúkọ rẹ̀, torí àbúrò Cameahwait, olóyè Shoshone tó ta ẹṣin fún wọn, ni obìnrin náà, òun ló sì ṣe ògbufọ̀ níbẹ̀. Ìjọba san dọ́là 500 ó lé díẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Wọn kò san kọ́bọ̀ fún òun.

York wà ní St. Louis ní tirẹ̀. Ọkùnrin dúdú ni, ẹrú Clark ni láti kékeré, ó sì rin gbogbo ọ̀nà náà lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó gbé ìbọn, ó ṣọdẹ, ó wakọ̀ ojú omi bí àwọn yòókù. Nígbà tí ikọ̀ náà ń pinnu ibi tí wọn yóò gbé lo ìgbà òtútù létí òkun ní Oṣù Kọkànlá 1805, Clark kọ ohun tí York yàn sílẹ̀ pẹ̀lú ti gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ogun gba owó oṣù ìlọ́po méjì àti ilẹ̀ éékà 320 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀gá méjèèjì gba 1,600. York kò gba nǹkan kan. Nínú lẹ́tà tí gbogbo ìwé ìròyìn dà kọ, kò sí orúkọ rẹ̀.

Àwọn tó ní orúkọ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í du ẹni tí yóò sọ ìtàn náà. Robert Frazer, ọmọ ogun kan nínú ikọ̀ náà, ti ń polówó ìwé tirẹ̀ láti Oṣù Kẹwàá 1806. Ní Oṣù Kẹta 1807, Lewis kọ̀wé sí ìwé ìròyìn láti kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má ra ìwé tí òun kò fọwọ́ sí, ó ní Frazer kò mọ nǹkan kan nípa ìràwọ̀, òkúta, ewéko tàbí ẹranko. David McKeehan, tó ń ṣètò ìwé Sájẹ́ǹtì Patrick Gass, fi ìbínú fèsì nínú Pittsburgh Gazette ní Oṣù Kẹrin pé Lewis ń ṣe ojúkòkòrò. Ìwé Gass jáde ní ọdún yẹn kan náà. Ti Frazer kò jáde rárá. Lewis fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹwàá 1809 láì tẹ ojú ewé kan jáde, ọdún 1814 sì ni ìtàn tí ìjọba ń retí, èyí tí Nicholas Biddle ṣètò, tó dé ọwọ́ aráàlú. Láàrin ọdún mẹ́jọ yẹn, àwọn lẹ́tà inú ìwé ìròyìn àti ìwé Gass ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní.

Ní 1988, wọ́n rí ìdìpọ̀ lẹ́tà tí Clark kọ sí Jonathan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú ilé kan ní Louisville. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní 2002. Inú wọn ni a ti mọ̀ pé lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, York bẹ Clark kó jẹ́ kí òun máa gbé nítòsí ìyàwó òun ní Louisville, kódà kó jẹ́ pé wọ́n á fi òun háyà fún ẹlòmíràn kí owó sì máa lọ sọ́dọ̀ Clark, ó sì tún ń fẹ́ òmìnira nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe. Clark kọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun lù ú. Ẹ̀gbọ́n kan náà tí wọ́n gbà báyìí pé òun ló gba lẹ́tà 1806 tó di ìròyìn fún gbogbo Amẹ́ríkà, òun ni Clark kọ èyí sí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó gbé ti ẹ̀ẹ̀kejì lọ fún olóòtú.